Àsíá Orí Òkè Mera

Ìyá ọkọ Diki kì í ṣe ẹni tó ń fọ̀rọ̀ ṣòfò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Diki fẹ́ gbéra lọ sí Òkè Mera, mámà náà jókòó ti ààrò, ó ń fi tíì oníbọ́tà po ìyẹ̀fun ọkà báálì nínú abọ́, ó sì ń ka òfin sí i létí.

"O ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àsíá yẹn kanlẹ̀. O ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Bó o bá sì dé, má gbé e wọ inú ilé mi. Mo máa ti dá iná ewé júnípà sí àgbàlá. Láti èjìká rẹ, inú iná tààrà."

"Mo ti gbọ́, Mámà."

"O gbọ́? Ọkọ rẹ náà gbọ́ nígbà tí mo ní kó ka ọjọ́ dáadáa."

Galzen, ọkọ Diki, wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga gígùn lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà gbọọrọ sórí àpótí, wọ́n fi igi àti aṣọ dì í. Kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn, kò sì wo ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀rín ẹ̀ laráàlé máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bó bá ń ti ìsàlẹ̀ àfonífojì bọ̀, ó wá ń jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àsíá kan ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, torí pé àwọn aráabúlé ti sọ ọ́ di oríṣiríṣi, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà ìwọ́wé ọdún tó ṣáájú, oyún Diki ti dàgbà. Oyún àkọ́kọ́ ni, ojú wọn sì ti pọ́n kí wọ́n tó rí i. Galzen, tó jẹ́ amọ̀nà, tó ń mú àwọn àlejò gun òkè, bá lọ ra àsíá àdúrà tuntun, àwọn aṣọ pélébé aláwọ̀ márùn-ún tí wọ́n rán mọ́ okùn kan. Ó kọ orúkọ Diki sí i, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ. Ó ní góńgó orí Mera gan-an lòun máa ta á sí, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í sinmi, kí atẹ́gùn lè máa ka àdúrà náà tọ̀sán tòru sórí ọmọ òun. Obìnrin wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn sí irú ọkọ bẹ́ẹ̀? Inú Diki dùn. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú odò.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la máa ń ta àsíá. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé béèyàn bá ta á, ibi ni atẹ́gùn máa máa kà sí onítọ̀hún lórí, kò sì ní yéé kà á níwọ̀n ìgbà tí aṣọ yẹn bá ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké mọ èyí. Galzen náà mọ̀ ọ́n, ó sì fi ìka ka ọjọ́ kó má bàa bọ́ sí i. Ohun tó gbàgbé ni pé oṣù yẹn wà lára àwọn oṣù tí kàlẹ́ńdà àwọn lámà, àwọn àlùfáà wa, máa ń fo ọjọ́ kan. Àwọn lámà fò ó, Galzen ò fò ó. Bó ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú ọjọ́ burúkú nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín, tòun ti orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fura. Nígbà òtútù, Diki bímọ. Ọkùnrin ni. Kò sunkún. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, wọ́n fi bọ́tà ra á lórí, kò sunkún. Kí yìnyín tó yọ́, màlúù tó dára jù nínú agbo wọn yọ̀ ṣubú sínú ọ̀gbun. Nígbà tí ọ̀dùnkún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé, yìnyín olókùúta já lù ú, ó sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ìyá Galzen bá kó wọn lọ sọ́dọ̀ lámà. Lámà béèrè ohun tí wọ́n ṣe láti ọdún tó kọjá, Galzen sì dárúkọ ọjọ́ tó ta àsíá. Lámà ka ọjọ́ náà lórí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó tún un kà, ojú rẹ̀ wá yí padà.

"Aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀ ni kó lọ tú u. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fẹ́, ẹ ò ní sinmi."

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ yẹn ni Diki yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ní: "Ìwọ lo pa ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun máa sọ ọ́. Galzen ò bá a jà, kò ní kì í ṣe òun. Ó gbà á. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, pé ó gbà á. Nígbà tí òjò àárín ọdún ń rọ̀, tí ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé ò sún mọ́ òkè, ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ fẹ́nì kankan, ó gbọ̀nà òkè lọ láti tú àsíá. Kò tiẹ̀ tíì dé ibi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ tí òkúta fi yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn darandaran ló gbé e wálé.

Orúkọ ẹni méjì ló wà lára aṣọ náà, ọ̀kan nínú wọn ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó ku Diki. Òun náà sì ti pinnu. Bóun bá tú aṣọ yẹn, òun á dúró nílé ọkọ òun, àwọn á tún gbìyànjú. Bí kò bá ṣeé tú, ilé bàbá òun lòun ń lọ, torí pé òun ò ní lóyún mìíràn fún ọkùnrin tí atẹ́gùn ń ṣépè fún lójoojúmọ́.

Urkin, ẹ̀gbọ́n Galzen, ló mú un lọ. Amọ̀nà lòun náà, ó ti gun Mera títí ó fi ń pè é ní ọ̀nà oko. Òun àti Galzen ni wọ́n jọ wà lókè lọ́jọ́ tí wọ́n ta àsíá, òun nìkan ló lè júwe ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Bó bá ku òun nìkan nínú yàrá, bàtà rẹ̀ ló máa bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí bí wọ́n ṣe ń tọ etí odò lọ, "ṣó o mọ̀ pé owó gọbọi làwọn òyìnbó ń san kí n tó mú wọn rin ọ̀nà yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo di ọ̀dùnkún sísè dání. Bẹ́ ẹ bá lè dákẹ́ títí a ó fi dé Khare, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀."

Ó ronú sí i díẹ̀. "Á jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni mò ń mú ẹ lọ nìyẹn."

Diki ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì kù lára òun.

Ẹ má rò pé kò mọ òkè o. Ó ti da màlúù dé ibi tí èémí àwọn àlejò ti ń há. Mera ló sì ń rí látìgbà tó ti gbọ́njú, ó funfun báláú, ó fẹ̀yìn ti ojú ọ̀run. Kí bàbá rẹ̀ tó mu tíì láàárọ̀, á kọ́kọ́ fi ewé júnípà síná, á kọjú èéfín ẹ̀ sí òkè náà, á sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ilé. Àmọ́ kò sí obìnrin kan nílé wọn tó gùn ún rí. Kí ni wọ́n fẹ́ wá lọ níbẹ̀? Koríko ò sí lórí ẹ̀, igi ìdáná ò sí, èèyàn ò sí. Àwọn ọkùnrin pàápàá ì bá má dé ibẹ̀ ká ní àwọn àlejò ò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

Ní Khare, níbi tí ilé ti parí, Urkin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de irin eléyín mọ́ bàtà. Ó so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, ó fi àáké yìnyín lé e lọ́wọ́, ó ní kó rìn kóun wò ó.

"Ya ẹsẹ̀ rẹ, kí eyín irin yẹn má bàa fà ẹ́ ní ṣòkòtò. Bíi pẹ́pẹ́yẹ."

"Mi ò mọ bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń rìn."

"Bíi ti ìyá wa nígbà tó bá ń bọ̀ wá jà."

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ya ẹsẹ̀, ó ń lọ gbàù gbàù, Urkin sì ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti iná nírọ̀lẹ́, Urkin fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi, ìyàwó. Nílé, mámà ló ń pàṣẹ fún wa. Lórí okùn yìí, èmi ni. Bí mo bá ní ká padà, a ò ní jiyàn. Aṣọ yẹn ti gba ẹsẹ̀ àbúrò mi, kò ní gba ẹ̀mí ìyàwó ẹ̀."

"Bá a bá padà lọ́wọ́ òfo, Ẹ̀gbọ́n, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Ṣé Galzen mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó ti ń retí ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Diki wo iná. Ká ní Galzen bínú ni, ì bá rọrùn fún un.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n bọ́ sórí pápá yìnyín. Títí di ọjọ́ yẹn, Diki rò pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ funfun. Kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀, láìsí òkúta, láìsí ẹsẹ̀ ẹranko, láìsí nǹkan kan tí ojú lè dì mú, ó sì ń tàn débi pé wọ́n ní láti fi gíláàsì dúdú bojú. Kò sí ìró kankan àfi ti irin ẹsẹ̀ wọn. Bí ó bá dúró, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà á sún mọ́ ọn títí á fi máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ létí.

Wọ́n dé ibì kan tí yìnyín ti ya. Kò fẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló gbà. Urkin dá a kọjá, ó fa okùn le, ó ní kó máa bọ̀. Diki bojú wò ó. Ó rí àwọ̀ búlúù tí kò rí rí, lókè ó rí bí omi, nísàlẹ̀ ó jìn, ó ń dúdú lọ títí kò fi sí àwọ̀ mọ́, òtútù sì ń mí jáde láti inú ẹ̀.

"Kí ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Yìnyín tó bọ́ nígbà ayé àwọn bàbá bàbá wa. Má wò ó pẹ́, kò ní kí ẹ."

Ó dá a kọjá. Ọkàn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Yìnyín tó bọ́ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ òun ṣì wà níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kò kánjú lọ ibì kankan.

Orí àpáta tó yọ láàárín yìnyín ni wọ́n pàgọ́ sí. Wọ́n gbéra níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí yìnyín ṣì le, tí kì í rì mọ́ni lẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn ti dìde. Èémí di iṣẹ́. Diki á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró mí, á gbé èkejì, á tún dúró mí, iná kékeré iwájú orí Urkin sì ń lọ níwájú láìdúró, okùn sì ń fà á bí ẹni ń fa màlúù olórí kunkun. Orí ń fọ́ ọ. Ó ń wù ú kó jókòó, kó kàn jókòó ṣáá.

Urkin padà wá bá a, ó fẹnu sí i létí kó lè gbọ́. "Bá a bá dé ẹsẹ̀ òkìtì iwájú yẹn tí atẹ́gùn yìí ò rọlẹ̀, a ń padà."

Diki gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Atẹ́gùn ń lù ú lójú, ó sì wá sí i lọ́kàn pé atẹ́gùn yìí náà ló ń fẹ́ aṣọ wọn lókè lọ́hùn-ún lọ́wọ́lọ́wọ́, tó ń ka ibi sí wọn lórí, tó ti kà á sórí ọmọ òun. Inú bí i. Inú bí i débi pé kò ráyè fún ẹ̀fọ́rí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà bí ẹni tó ń lọ sílé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Urkin tó wà níwájú rí i pé okùn ti rọ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bà lé orí òkè Makalu, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Pupa bíńtín ni, kò ju èékánná lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, ó di wúrà, ó fò mọ́ òkè mìíràn, ó tún fò mọ́ òmíràn, títí gbogbo ìlà òkè tó wà nínú òkùnkùn láti òru fi ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Urkin ẹlẹ́nu wẹẹrẹ dákẹ́. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ kò sí ìgbà tó rí i tí omi kì í bọ́ lójú ẹ̀, òtútù ló sì máa ń dá lẹ́bi. Nígbà tí oòrùn fi máa kàn wọ́n lójú, atẹ́gùn ti rọlẹ̀. Wọ́n ti wà lẹ́sẹ̀ òkìtì náà.

"Ó yá," ni Urkin wí.

Òkìtì tó kẹ́yìn ga bí ògiri, okùn wà lára rẹ̀ tí àwọn amọ̀nà ti so tẹ́lẹ̀. Diki dì í mú, ó ń kan irin ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ yìnyín, ó ń fa ara rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, kò sí òkè mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kó tún gùn ún, kò sí nǹkan kan tó kù láti gùn.

Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Chomolungma, òkè tó ga jù láyé, wà níwájú rẹ̀, dúdú, ìkùukùu ń fò lórí rẹ̀. Makalu wà lápá ọ̀tún, ó sún mọ́ débi pé ó fẹ́ na ọwọ́ sí i. Lọ́hùn-ún jíjìn, níbi tí ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn òkè mìíràn ṣì ń bẹ, àwọn míì sì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n pé jọ bí àwọn àgbà nínú àgbàlá, kò sì sí èyí tó yíjú wo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìkùukùu tẹ́ nísàlẹ̀ bí ilẹ̀. Lórí ìkùukùu náà, lápá ìwọ̀ oòrùn, òjìji òkè tó kúnlẹ̀ lé wà, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó tóbi ju gbogbo ilẹ̀ tó ti fẹsẹ̀ rìn láyé rẹ̀. Ó wá yé e pé òun náà wà nínú òjìji yẹn, ní góńgó orí ẹ̀, níbi tí kò sí ojú tó lè rí òun.

Ẹ̀rù bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù tó ń léni sá. Láti ìgbà òtútù ló ti ń rò pé òkè yìí dìídì yan òun láàárín gbogbo obìnrin àfonífojì, pé ó ń ṣọ́ ilé òun, pé ó mọ inú tí òun ń gbé ọmọ sí.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré, "wọn ò mọ̀ wá."

"Wọn ò mọ̀ wá," ni Urkin dáhùn. "Látìgbà tí mo ti ń gun ibí, wọn ò tíì bi mí lórúkọ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Diki tó rántí ohun tó gbé e wá.

Àsíá àwọn tó ti gòkè ṣáájú wọn wà níbẹ̀, okùn lórí okùn. Diki tú wọn wò. Òmíràn ti ṣá títí kò fi ní àwọ̀ kankan, òmíràn ti já di fọ́nrán, òmíràn sì jẹ́ okùn lásán, atẹ́gùn ti jẹ aṣọ ara rẹ̀ tán.

"Mélòó kan nínú ìwọ̀nyí ò tíì lo oṣù méjì," ni Urkin wí. "Èyí tó fà ya yẹn, lójú mi ni wọ́n ṣe ta á, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ́wé yìí."

"Tiwa dà?"

Urkin wò yíká, ó lọ sápá ẹ̀yìn níbi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó dúró, ó fẹsẹ̀ ha yìnyín. Orí ọparun kan ló yọ síta, kò ju ìka ọwọ́ lọ, òwú pupa kan wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ta ní kókó bí Galzen ṣe máa ń ta á.

"Ọparun yìí ga jù mí lọ lọ́dún tó kọjá," ni Urkin wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Atẹ́gùn le lọ́jọ́ yẹn, a ò lè nawọ́ sókè. Ìdí ọparun nísàlẹ̀ ni Galzen so àsíá mọ́, ó fi èèkàn irin kan ìparí okùn ẹ̀ kejì mọ́lẹ̀."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n fi àáké ṣá yìnyín líle, wọ́n fọwọ́ kó o dànù, wọ́n sinmi, wọ́n tún ṣá. Àwọ̀ búlúù ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni funfun, pupa, ewéko, yẹ́lò. Diki bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ìka nu yìnyín kúrò lára aṣọ náà. Ó ń dán bí ọjọ́ tí Galzen gbé e wálé láti ọjà. Etí ẹ̀ ò ya, òwú kan ò tú níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìyí. Orúkọ Galzen nìyí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ náà nìyí, ó mọ́ tónítóní.

Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn tó kù tí atẹ́gùn ti jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni yìnyín bọ́?"

Urkin jókòó sílẹ̀. "Ọjọ́ yẹn náà. A yíjú padà báyìí, a ò tíì sọ̀ dé àgọ́ tó fi dé. Ó bọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó bọ́ mọ́júmọ́, ó sì tún bọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo tiẹ̀ fi Galzen ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú àdúrà wo nìyẹn." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kò sì sí ìkankan nínú wa tó rò ó."

"Aṣọ yìí ò fẹ́ lẹ́lẹ́ dọ́la," ni Diki wí.

"Kò fẹ́ dọ́la."

Gbogbo ìgbà òtútù, aṣọ yìí wà lábẹ́ yìnyín, ó ká jọ, ó dákẹ́. Nígbà tí òun ń rọbí, ó dákẹ́. Nígbà tí màlúù ṣubú, tí ọ̀dùnkún bàjẹ́, ó dákẹ́. Kò ka nǹkan kan sórí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí òun sọ lẹ́nu lọ́nà ilé lámà, òun ló ń fẹ́ láti ọjọ́ yẹn, òun ló gbé ọkùnrin kan jáde nínú òjò lọ kán ẹsẹ̀. Diki sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn òkè yẹn, ojú ò sì tì í.

Urkin jẹ́ kó sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ọjọ́ òní dára o. Mámà mú kí lámà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó o bá fẹ́, ká ta á síbí, kó wá ṣiṣẹ́ tí wọ́n rà á fún."

Ó wù ú. Ó gbé okùn náà sókè díẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó wo Makalu. Ó wá ká aṣọ náà, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Rárá. Galzen gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n sún mọ́lé. Iná júnípà ń jó ní àgbàlá, mámà dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá ìkoná lọ́wọ́, bí ẹni ń ṣọ́ olè. Galzen jókòó sí ìdí ògiri nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ó ń wo ilẹ̀.

"Gbé e wá," ni mámà wí.

Diki gba ibẹ̀ kọjá.

"Diki, iná rèé o."

"Mo rí i, Mámà."

Ó sọ aṣọ náà kalẹ̀ láti èjìká, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí itan. Galzen ká ọwọ́ méjèèjì kúrò.

"Má gbé e sí mi lára, jọ̀ọ́."

"Fọwọ́ kàn án."

Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní etí aṣọ bó ṣe máa ń rìn lára okùn kó tó gbé ẹ̀mí àlejò lé e, ó ń wá ibi tó ti gbó. Ìka náà dúró. Ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún un rìn. Galzen wá gbé orí sókè.

"Èyí kọ́."

"Òun ni. Wo orúkọ rẹ."

"Aṣọ tó ti lo ọdún kan lórí Mera kọ́ nìyí."

"Abẹ́ yìnyín ló wà. Yìnyín bò ó lọ́jọ́ tó o ta á gan-an, kò fẹ́ dọ́la. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ nígbà tá a gbẹ́ ẹ jáde, bi wọ́n."

Urkin, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kàn mi orí ni.

Galzen di aṣọ náà mú. Ètè rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka oṣù láti ìgbà ìwọ́wé dé ìgbà òtútù. Lọ́tẹ̀ yìí ó kà á pé.

"Ta ló wá pa á?" ló béèrè.

Diki ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́kàn lójú ọ̀nà. Kò rí ìkankan lò níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ekuru, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán mú.

"Kò sẹ́ni tó pa á, Galzen. Mo purọ́ mọ́ ẹ. Ọmọ wa kú ni."

Galzen bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, ẹnì kankan ò rí i kó sunkún ẹ̀, àwọn aráabúlé sì ti ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le. Ẹni tí wọ́n ní ó pa ọmọ, ẹnu wo ló fẹ́ fi ṣọ̀fọ̀ ẹ̀? Ó wá sunkún báyìí, ó fi aṣọ aláwọ̀ márùn-ún náà bojú, ìyàwó rẹ̀ sì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

Mámà dúró tòun ti ọ̀pá ìkoná. Ó wo iná, ó wo aṣọ, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé kẹ́tù omi tíì jáde, ó gbé e ka iná júnípà náà.

"Ẹ ṣá má jẹ́ kó kanlẹ̀," ló wí láìwo apá ọ̀dọ̀ wọn, ó sì jókòó ti iná, ó ń dúró de omi kó hó.